Wàásù ni àbí ipá? Òótọ́ àti irọ́ nípa àwa Kristẹni àti ẹlẹ́sìn mìíràn

Ọmọ ìjọ ni mí, inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí, mo sì gbà pé ó tọ́ kí Kristẹni wàásù. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará mi sọ ni ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tí ẹni tí a wàásù fún bá ti ní òun kò ṣe. Àwọn kan nínú wa á kí i pé ó dàbọ̀, wọn á máa bá a ṣọ̀rẹ́ lọ. Àwọn kan kì í gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi oúnjẹ fà á, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó há a mọ́ kọ̀rọ̀, wọ́n á fi ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ mú un. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀, tàbí pé òfin ni, tàbí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo kó díẹ̀ jọ nínú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí a ń gbọ́ nínú ìjọ, nínú ọkọ̀ èrò àti nídìí ìyàwó, kí a yẹ̀ wọ́n wò.

"Jésù ló pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ títí yóò fi gbà"

Irọ́ ni. Àṣẹ tí Jésù pa ní ìparí ìwé Mátíù ni pé kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Mátíù kan náà, ní orí kẹwàá, ó ti sọ ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí ilé kan tàbí ìlú kan bá kọ̀ wọ́n: kí wọ́n gbọn eruku ẹsẹ̀ wọn nù, kí wọ́n máa lọ. Kò ní kí wọ́n padà wá kan ilẹ̀kùn lóru.

Ìtàn kan wà nínú Lúùkù orí kẹsàn-án tí mo máa ń ṣe kàyéfì pé a kì í wàásù lé lórí tó bó ṣe yẹ. Jésù ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó rán àwọn kan ṣíwájú láti wá ibi tí òun yóò wọ̀ sí ní abúlé kan ní Samáríà. Àwọn ará abúlé náà kò gbà á, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó ti wà láàárín àwọn Júù àti àwọn ará Samáríà. Inú bí Jákọ́bù àti Jòhánù, wọ́n bèèrè bóyá kí àwọn pe iná sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run kó jó àwọn ènìyàn náà run. Jésù yíjú padà, ó sì bá àwọn méjèèjì wí. Kò bá àwọn ará Samáríà wí rárá. Wọ́n kọjá lọ sí abúlé mìíràn.

Ẹ tún wo ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ tó fi ìbànújẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Máàkù sọ pé Jésù fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ kò sáré tẹ̀ lé e. Balógun ọ̀rún ará Róòmù tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, Jésù yin ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sàn, ó ní kó máa lọ sílé. A kò kà á níbì kankan pé ó kọ́kọ́ ní kó wá fọwọ́ sí nǹkan kan.

"Àwọn òyìnbó ló fipá mú àwọn baba wa ṣe ìgbàgbọ́"

Irọ́ ló pọ̀ nínú èyí, àmọ́ òótọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìgbàgbọ́ padà wá sáàárín wa, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì dàgbà ní Sàró. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń padà bọ̀ wá sílé, wọ́n ń gúnlẹ̀ sí Èkó àti Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń forí lé Abẹ́òkúta. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ ní Sàró pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí baba rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, dé Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, sì gbà á lálejò. Nígbà tí Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Sàró, fi wá jókòó síbẹ̀ ní 1846, àlejò ni wọ́n ṣì jẹ́. Wọn kò ní ọmọ ogun, wọn kò ní ilé-ẹjọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ipá wà nígbà náà, kó wo 1849, nígbà tí àwọn ìjòyè kan ní Abẹ́òkúta kó àwọn onígbàgbọ́ tuntun, tí wọ́n nà wọ́n, tí wọ́n sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nítorí pé wọn kò bọ òrìṣà mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867, wọ́n ba àwọn ilé-ìsìn jẹ́, wọ́n kó ẹrù inú wọn, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì sì fi ìlú sílẹ̀. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Òótọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyí. Àwọn míṣọ́nnárì, Crowther pẹ̀lú wọn, wà lára àwọn tó rọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kó dá sí ọ̀rọ̀ Èkó, kó tó di pé ọkọ̀ ogun rẹ̀ wó ìlú náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Àwọn Ìjẹ̀bú kò fàyè gba oníwàásù títí ogun Ìmàgbọ̀n fi dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Ìgbà tí ìbọn Gẹ̀ẹ́sì borí wọn tán ni ṣọ́ọ̀ṣì ráyè wọ Ìjẹ̀bú. Ìmàle náà gbilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ogun yẹn. Kò sẹ́ni tó gbé ìbọn sí ọmọ Ìjẹ̀bú létí pé kó wá ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ìbọn ló ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn ìjọ fún àwọn ọmọ wa, kó sọ èyí náà fún wọn.

Crowther fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ́ ìwà lára rẹ̀. Ní 1846 ló tún fojú kan Àfàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti ya wọ́n. Àlùfáà ni ọmọ, ìyá kò tíì gbàgbọ́. Ọdún 1848 ni ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi. Ó gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó rí ìwà rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì pinnu fúnra rẹ̀. Ní 1872, nígbà tí Crowther ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó wà ní ààfin Ìlọrin níwájú àwọn Mùsùlùmí tó ń bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Bíbélì Yorùbá ló ń ṣí, tó ń ka ìdáhùn jáde fún wọn. Kò bú ànábì wọn, ó sì máa ń wá ibi tí Kùránì àti Bíbélì ti ń sọ ohun kan náà nípa Jésù kó tó sọ èyí tí wọn kò jọ gbà. Ọ̀pọ̀ oníwàásù tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí kò rántí pé irú baba báyìí ni òun ní.

"Àwọn ẹlẹ́sìn yòókù ló ń fi idà ṣe ẹ̀sìn, Kristẹni kò ṣe é rí"

Irọ́ gbáà. Charlemagne, ọba àwọn Franki, bá àwọn Saxoni jagun ní ilẹ̀ tó di Jámánì lónìí, ó sì ṣe òfin fún wọn ní nǹkan bí ọdún 785 pé ikú ni fún ẹni tó bá kọ ìrìbọmi. Alcuin, ọ̀mọ̀wé inú ààfin rẹ̀, sọ fún un pé a lè fa ènìyàn wá sínú ìgbàgbọ́ ṣùgbọ́n a kò lè fi dandan mú un gbà á. Ní 1492, Sípéènì ní kí àwọn Júù ilẹ̀ rẹ̀ yàn: ìrìbọmi tàbí kí wọ́n kó jáde. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lọ sí Brazil àti Cuba náà gba ìrìbọmi tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè bóyá wọ́n fẹ́.

Ó di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1965 kí ìpàdé àgbà ìjọ Kátólíìkì ní Vatican tó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fipá mú ènìyàn ṣe ohun tó lòdì sí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ nípa ẹ̀sìn. Ó pẹ́ púpọ̀.

"Tipátipá ni wọ́n fi kó òrìṣà sun nígbà ìsọjí Babalọlá"

Èyí gba sùúrù. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa katakátà fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà kí ó tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928. Ní 1930, ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ èrò wá gba àdúrà, wọ́n gbé omi wá kó súre sí i, àwọn ènìyàn sì fi ọwọ́ ara wọn kó oògùn àti ère wá sílẹ̀ kí wọ́n sun wọ́n. Kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Ìjọba gan-an ń fura sí i. Ní 1932, wọ́n mú un ní Òtùò nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́, ó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin. Ní ti èyí tí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jáde, irọ́ ni pé wọ́n fipá mú un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ni pé òrìṣà ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọmọ kan nínú ẹbí lè gbàgbọ́ lónìí, kó sì sun ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà ṣì ń bọ. Ó ti fi ìpinnu tirẹ̀ gba ìpinnu lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó kó ohun tirẹ̀ jóná ti lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ajíhìnrere tó bá wọ ojúbọ ẹlòmíràn lọ dáná sun ún, ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin Nàìjíríà, kódà bí ó bá ń kọ orin ìyìn bó ṣe ń ṣe é.

"Kò sí aburú nínú kí a fi ìrẹsì, oògùn tàbí iṣẹ́ fa ènìyàn wá sí ìjọ"

Bí ebi bá ń pa á, bọ́ ọ. Bí àìsàn bá ń ṣe é, tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé àfi kó wá ṣe ìrìbọmi kó tó rí oúnjẹ gbà, ó ti di òwò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé, ẹ̀ka Vatican tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn, àti ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere gbogbo àgbáyé jọ gbé ìlànà kan jáde nípa bí Kristẹni yóò ṣe máa jẹ́rìí láàárín àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó ṣòro kí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, kọ̀wé pé kí a má fi ẹ̀tàn, ipá tàbí ẹ̀bùn mú ènìyàn wọ ẹ̀sìn, kí a má sì fi àìní àwọn tálákà rẹ́ wọn jẹ.

"Ọmọ Mùsùlùmí tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ gbọ́dọ̀ máa ṣe bí Kristẹni"

Irọ́ ni, ó sì jẹ́ irọ́ tó ti dun ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ wa.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ìjọ ni ilé-ẹ̀kọ́ wà. Baba Mùsùlùmí tó fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé mọ̀ pé ọmọ náà yóò máa lọ sí ìsìn, yóò kọ́ katikísímù, ó sì lè jẹ́ Rájí ni yóò bá lọ, kó jẹ́ Reuben ni yóò bá bọ̀. Ọ̀pọ̀ baba kọ̀, ọmọ wọn kò sì rí ìwé kà. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Èkó rí i pé èyí ń fà wọ́n sẹ́yìn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1923 kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láì fi ẹ̀sìn baba rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwa Kristẹni bá ń yangàn pé ìjọ ló kọ́ ilẹ̀ Yorùbá níwèé, òótọ́ ni, mo sì ń dúpẹ́ fún un. Kí a má gbàgbé iye tí àwọn kan san.

Síbẹ̀, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. M.K.O. Abíọ́lá jáde ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, Gàníì Fawẹ̀hìnmi sì jáde ní Victory College ní Ìkàrẹ́, tí àlùfáà Áńgílíkà dá sílẹ̀. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì wọlé, Mùsùlùmí ni wọ́n jáde, Mùsùlùmí ni wọ́n sì kú sí. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ wọn kò pàdánù nǹkan kan.

Òfin Nàìjíríà kò fi èyí sílẹ̀ fún inú rere olùkọ́. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀sìn àti láti yí ẹ̀sìn padà. Abala náà tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan lé e fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti wà níbi ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, òfin sọ ìyẹn náà. Bí tíṣà bá na ọmọ Alhaji nítorí pé kò kọrin ní asẹ́ńbìlì, kò rí abala kankan gbára lé.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù wá dá ìjà sílẹ̀ lórí èyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, títí kan àwọn tí ìjọ dá sílẹ̀ tí ìjọba gbà. Láàárín oṣù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ní Baptist High School ní Ìwó wọ aṣọ kúáyà àti aṣọ ìjọ wá sí kíláàsì. Mo wo àwọn àwòrán yẹn, inú mi bàjẹ́, nítorí àwọn àgbà ló wà lẹ́yìn àwọn ọmọ náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ohùn adájọ́ márùn-ún nínú méje fàyè gba híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ará mi kan rò pé a ti pàdánù. Èmi kò rí ohun tí a pàdánù. Ìborùn orí ọmọdébìnrin kò dí ìyókù kíláàsì lọ́wọ́ láti gbàdúrà.

"Ẹ̀sìn ọkọ ni ẹ̀sìn aya, ìyàwó gbọ́dọ̀ yí padà"

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni mo rò pé ó ń ba ayé àwọn ènìyàn jẹ́ jù, nítorí pé àwọn òbí, pásítọ̀ àti lemọ́ọ̀mù jọ ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ayé ti gbà á.

Òfin ìjọba kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ lè ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, kò sì sẹ́ni tí yóò bi wọ́n níbẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣe ìrìbọmi. Bíbélì náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù gba àwọn Kristẹni níyànjú pé kí wọ́n má ṣe fi àìdọ́gba dara pọ̀ mọ́ aláìgbàgbọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pásítọ̀ dúró sí, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orí keje ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti fẹ́ra, ó ní bí ẹni tí kò gbàgbọ́ bá fẹ́ máa gbé pẹ̀lú onígbàgbọ́, kí onígbàgbọ́ má kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò ní kó fi ìkọ̀sílẹ̀ dẹ́rù bà á kó lè yí padà. Nínú ìjọ Kátólíìkì, àlùfáà lè bá ọmọ ìjọ gba àyè lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kó lè fẹ́ ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi, ẹni náà kò sì ní láti di Kátólíìkì. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé ọkùnrin Mùsùlùmí lè fẹ́ Kristẹni láì yí i padà, wọn kò sì gbà bẹ́ẹ̀ fún obìnrin Mùsùlùmí tó fẹ́ fẹ́ Kristẹni.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Mùsùlùmí ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, pásítọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ Olúrẹ̀mí nínú ìjọ Rìdíìmù. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa ìṣèlú wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé. Ilẹ̀ Yorùbá kún fún un.

Ohun tí a ń rí nínú ìjọ ni pé ọmọbìnrin kan á bọ́ sí kíláàsì ìrìbọmi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìgbéyàwó nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn kò ní so wọ́n pọ̀. Ó á dáhùn gbogbo ìbéèrè, ó á wọ aṣọ funfun, a á pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ tó bá mọ̀ pé ìgbéyàwó ló ń wá, tó sì rì í bọ omi bẹ́ẹ̀, ti gba irọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ó sàn kó sọ fún un pé òun kò lè so wọ́n pọ̀ ju kó sọ ọ́ di alábòsí lọ.

"Kristẹni òtítọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹran Iléyá"

Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ni pé bí aláìgbàgbọ́ bá pè ọ́ wá jẹun, tí o sì fẹ́ lọ, jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ láìwádìí. Kìkì ìgbà tí ẹnì kan bá sọ pé ẹbọ òrìṣà ni ló ní kí o fi í sílẹ̀. Mùsùlùmí tó pa àgbò Iléyá kò pa á fún òrìṣà kankan. Ó pa á ní orúkọ Ọlọ́run kan ṣoṣo, ní ìrántí Ibrahim tí àwa náà ń pè ní baba ìgbàgbọ́. Ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò gbà á, kó má jẹ ẹ́, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Dídà á sínú garawa ìdọ̀tí lójú ọmọ tí wọ́n rán ni kò ní ibi kankan nínú Ìwé Mímọ́.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, wàásù kò pa ẹnikẹ́ni lára"

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ èyí gbọ́ nípa Mãe Gilda. Ìyálórìṣà ni ní Itapuã ní ìlú Salvador, ní Brazil, níbi tí àwọn òrìṣà tí àwọn ẹrú Yorùbá gbé lọ ṣì wà láàyè. Títí di 1976 ni ilé àwọn òrìṣà ní ìpínlẹ̀ Bahia gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ìsìn wọn, ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ Kristẹni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan ní Brazil tí wọ́n ń pè ní Universal gbé àwòrán ìyá yìí jáde lábẹ́ àkọlé tó ń pe irú wọn ní oníjìbìtì tó ń gba owó àwọn oníbàárà wọn, tó sì ń ba ayé wọn jẹ́. Àwọn ènìyàn láti ìjọ kan ya wọ ilé rẹ̀. Ara rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2000. Ilé-ẹjọ́ dá ìjọ Universal lẹ́bi, ó ní kí wọ́n sanwó fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ní 2007, ìjọba Brazil sọ ọjọ́ ikú rẹ̀ di ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà fi ń gbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn. Wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Abaeté ní Salvador, ó sì ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn kan lọ bà á jẹ́.

Kò sẹ́ni tó gún un lọ́bẹ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ìjọ ló kọ́kọ́ jáde lọ bá a, àwọn ènìyàn sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ìyá wa ni àwọn tí wọ́n ń ṣe èyí sí, ẹ̀sìn tí wọ́n ń bú níbẹ̀ láti ilẹ̀ wa ló ti lọ. Nígbà tí pásítọ̀ kan ní Ìbàdàn tàbí ní London bá dúró lórí pẹpẹ tó ní gbogbo oníṣẹ̀ṣe ni apànìyàn, kó mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó níwájú òun ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

"Bí mo bá fi í sílẹ̀ láìyípadà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi"

Èyí ni wọ́n ń fi ti àwọn ènìyàn rere láti máa ṣe ohun tí kò dára. Inú ìwé Ìsíkíẹ́lì ni wọ́n ti mú un, níbi tí Ọlọ́run ti fi wòlíì náà ṣe olùṣọ́. Ẹ lọ ka orí kẹta àti orí kẹtàlélọ́gbọ̀n tán, ẹ má dúró sí ìdajì. Iṣẹ́ tí wọ́n fún olùṣọ́ ni kó kìlọ̀. Bí ó bá ti kìlọ̀, tí ẹni náà kò gbọ́, ọrùn olùṣọ́ ti mọ́. Níbi tí wọ́n ti sọ pé kó jí i lójú oorun, kó gba fóònù rẹ̀, kó yí orúkọ ọmọ rẹ̀ padà, ẹ fi hàn mí.

Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe aburú jù. Ìyá àgbà kan tó ti ń kírun láti kékeré dùbúlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti di Kristẹni sì yí i ká pẹ̀lú pásítọ̀ pé kó mi orí sí i pé òun ti gba Jésù. Ó rẹ̀ ẹ́, ó mi orí. Wọ́n dúpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ìfẹ́ ló ń ṣe yín, mo mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà yín nítorí rẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un bó ṣe wù yín. Bí ó bá ní kí ẹ pe lemọ́ọ̀mù wá fún òun, ẹ pè é.